Ọbẹ̀ Tó Ń Hó Láìsí Iná

Lọ́dún tí màmá mi lọ bá àbúrò rẹ̀ tọ́jú ọmọ tuntun ní Arímògìjà, tó ní ọ̀sẹ̀ méjì lòun máa lò àmọ́ tó jẹ́ pé oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é, àwa mẹ́ta péré la ṣẹ́kù nínú ilé wa ní Ọ̀wọ̀: bàbá mi, ìyá tó bí bàbá mi, tí à ń pè ní Ìyá Àgbà, àti èmi Bọ́sẹ̀dé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìró tó máa ń jí mi láàárọ̀ kì í ṣe ti àkùkọ. Omi eérú ni. Ìyá Àgbà á ti da eérú èèpo kòkó sínú ajẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìkòkò oníhò tó gbé ka orí ìkòkò mìíràn, á da omi lé e lórí, omi náà á sì máa kán tó, tó, tó, títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbálẹ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àgbàlá, lẹ́yìn ìyẹn ni bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, á bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn pẹ̀lú abẹ ìfárùngbọ̀n lọ́rùn. Ìyá Àgbà á wá pariwo láti ẹ̀yìnkùlé pé ẹni tó fi abẹ sọ́rùn kì í kọrin, kó fá irùngbọ̀n rẹ̀ tán ná kó tó yin Ọlọ́run. Mo ti dàgbà ju bàbá mi ti ìgbà yẹn lọ báyìí, síbẹ̀ bí ẹ̀rọ omi bá ń kán nílé mi, n kì í tètè dìde lọ tì í.

Ọlọ́ṣẹ ni Ìyá Àgbà. Ọṣẹ dúdú rẹ̀ ń lọ títí dé Ìdóànì àti Ẹlẹ́gbẹ̀ká, àwọn obìnrin ibẹ̀ a sì máa bínú bí ọjọ́ ọjà bá pé tí wọn ò rí i. Kò mọ̀wé, kò ní òṣùwọ̀n kankan, ahọ́n rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Á ti ìka bọ omi eérú, á fi kan ahọ́n, á dijú, á ní kò tíì ta, a ó sì tún da omi náà padà sórí eérú. Bó bá wá ta tó bó ṣe fẹ́, a ó gbé àdín kaná, a ó máa da omi eérú sí i díẹ̀díẹ̀, èmi ni mo sì máa ń fi igi gígùn rò ó títí apá mi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Ó máa ń sọ pé ọṣẹ ò fẹ́ oníkánjú, pé obìnrin tó bá kánjú sí ọṣẹ, epo ló máa fi wẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣú lọ́dún náà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ sókè. Èmi ni mò ń bá a wo àwọ̀ ọṣẹ lórí iná, èmi ni mò ń sọ fún un bó bá ti dúdú tàbí bó ṣì pọ́n. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbàkígbà tí a bá jókòó jẹun, á kọjú sí bàbá mi, á ní ìwé tí mo kà tó gẹ́ẹ́, kí n máa bọ̀ nílé kí òun fi iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ kí ojú òun tó ṣú pátápátá. "Ọghọ́ ọma yìí dáa fún ọṣẹ," ló máa ń sọ lédè Ọ̀wọ̀ wa, á sì gbá ọwọ́ mi mú, á gbé e sókè kí bàbá mi rí i, bí ẹni ń polówó iṣu. Bàbá mi kò lè já ìyá rẹ̀ ní koro, kò sì fẹ́ yọ mí nílé ẹ̀kọ́. Ohun tó máa ń ṣe ni pé á wúkọ́, á ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀ òun.

Èmi ní tèmi fẹ́ràn ilé ẹ̀kọ́ ju ẹran lọ. Mo wà ní kíláàsì kìíní ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní Mọ́dàn, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ló sì wù mí jù. Tísà Bámidélé ló ń kọ́ wa, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Àkókó kan tó máa ń wọ ṣòkòtò kákí kúkúrú tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ títí tó fi lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ́ wa, á tún wá fi Yorùbá ṣàlàyé, inú Yorùbá yẹn gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó béèrè pé kí la máa ń ṣe sí omi kó tó lè hó. Ọ̀rẹ́ mi Dúpẹ́ nawọ́, ó dìde, ó ní a máa ń fi ọṣẹ sí i. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa, nítorí lójú tiwa òótọ́ lọ́mọ náà sọ. Omi tó wà lórí iná ń hó, omi tí wọ́n fi ọṣẹ sí náà ń hó, Yorùbá ò pín in níyà. Tísà fọwọ́ bo ojú fúngbà díẹ̀.

Lọ́jọ́ mìíràn ó sọ fún wa pé átọ́ọ̀mù ló para pọ̀ di gbogbo ohun tó wà láyé, látorí òkúta títí dórí iṣu. Ohun kan ṣoṣo tí àwa ti gbọ́ nípa átọ́ọ̀mù rí ni pé bọ́ǹbù ni, pé ó ti run ìlú ńlá kan rí ní òkè òkun. Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà tí wọ́n ní kí n gún iyán, mo rọra sọ ọmọ odó kalẹ̀, mo tún rọra gbé e, mo rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá Àgbà béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé iyán náà ń sùn ni tí mi ò fẹ́ jí i. Iyán tó kún fún kókó ni wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà. Ti áàsìdì ló tún wá burú jù. Tísà ní áàsìdì wà nínú ọsàn, a sì mọ áàsìdì dáadáa, nítorí ti inú bátìrì lọ́rì ti jẹ ihò sí ṣòkòtò dẹ́rẹ́bà kan ládùúgbò wa ní ibi tí kò yẹ kí ihò wà. Dúpẹ́ kò fẹnu kan ọsàn mọ́ títí tí sáà náà fi parí. Èmi ló ń kó tirẹ̀ fún, èmi náà sì ń jẹ ẹ́, mo máa ń fọwọ́ lé ikùn lẹ́yìn rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti ń jò.

Bí a ṣe dórí ọ̀rọ̀ iyọ̀ nìyẹn. Tísà ní bí áàsìdì bá pàdé ọ̀tá rẹ̀ kan tó ń jẹ́ álíkálì, àwọn méjèèjì á gba oró lára ara wọn, wọ́n á sì di iyọ̀ àti omi. Ó wá ní kí a má rò pé ohun òyìnbó ni álíkálì o, pé omi eérú tí àwọn ìyá wa ń sẹ́, álíkálì ni. Àyà mi ga sókè. Nínú gbogbo kíláàsì yẹn, èmi nìkan ni álíkálì ń kán sétí rẹ̀ láràárọ̀. Mo nawọ́, mo ní ìyá bàbá mi ń fi omi eérú àti àdín se ọṣẹ. Inú Tísà dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó ní, "O káre, Bọ́sẹ̀dé. Tí a bá tiẹ̀ ní ká wò ó lójú sáyẹ́ǹsì, ọṣẹ náà, iyọ̀ ni." Lẹ́yìn náà ló nu pátákó, a sì lọ jẹun ọ̀sán. Nínú Yorùbá tí mo gbọ́ dàgbà, iyọ̀ kan ṣoṣo ló wà láyé yìí, inú agolo ló ń gbé, inú ọbẹ̀ ló ń lọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé bó ṣe rí, mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ìyá Àgbà fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tó. Ó ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìdí ọṣẹ ni kí n wà. Bàbá mi wúkọ́ títí, kò sí ọbẹ̀ tó kù nínú ìkòkò tó máa ní kí wọ́n bù kún tòun. Ló bá bẹ ìyá rẹ̀ pé kó gba òun láyè kí òun pe Tísà wá jẹun lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀. Bí Tísà bá rí i yí lọ́kàn padà, kí n máa bá ìwé mi lọ. Bí kò bá rí i yí, kò sẹ́ni tó tún gbọdọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà gbà, àmọ́ ó ní èmi ni kí n se oúnjẹ náà, èmi nìkan, kí òun fi ẹnu ara òun tọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ mi wò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má sùn títí ọjọ́ náà fi pé. Gbogbo ayé mi wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bàbá mi ra ẹja gbígbẹ, ó ra ẹran ìgbẹ́, mo lọ ẹ̀gúsí títí ó fi kúnná, mo já gbúre, mo gún iyán, mi ò sì rọra gún un lọ́jọ́ yẹn, nítorí ẹ̀rù ìdí ọṣẹ ju ẹ̀rù bọ́ǹbù lọ. Tísà ti dé, ó ti jókòó pẹ̀lú bàbá mi ní pálọ̀, Ìyá Àgbà sì ti wọ aṣọ ìsìn rẹ̀, ó ń retí. Ìgbà tí mo ki ọwọ́ bọ agolo iyọ̀ ni mo tó mọ̀ pé ó ti tán. Mo dojú rẹ̀ dé, mo gbá a nídìí, hóró mẹ́ta ló bọ́ síta. Ilé Dúpẹ́ kò ju ẹ̀yìn ògiri wa lọ. Mo ti gbé àwo, mo ti fẹ́ lọ tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kí n tó ro ara mi wò. Mo ní, Bọ́sẹ̀dé, ìwé tí o kà dà? Ọmọ tó mọ ohun tí iyọ̀ jẹ́ gan-an ni yóò lọ máa tọrọ iyọ̀ kiri, nígbà tí iyọ̀ kún àká ilé wọn? Mo bojú wòkè. Ọṣẹ wà lórí àjà ìdáná, rìbìtì rìbìtì, ewé ni Ìyá Àgbà fi pọ́n ọn. Mo gbé àwo padà síbi tó wà.

Mo kọ́kọ́ bu ọṣẹ tó tó ẹyìn ọ̀pẹ kan sínú ọbẹ̀, mo rò ó pọ̀. Mo tọ́ ọ wò. Ó ta mí lẹ́nu, ó sì korò díẹ̀, àmọ́ mo sọ fún ara mi pé kò tíì yọ́ dáadáa ni. Mo tún bu ìwọ̀n ẹyin adìẹ sí i. Ní báyìí, epo pupa tó ti léfòó dáadáa lórí ọbẹ̀ mi tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, àwọ̀ ọbẹ̀ náà ṣì, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Mo rò pé sáyẹ́ǹsì ló ń ṣiṣẹ́, òótọ́ ni pé òun ló ń ṣiṣẹ́. Mo gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀, mo ro ọbẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo yẹ ìdí ìkòkò wò, kò sí iná níbẹ̀. Mo tún rò ó, ó tún hó sí i, ó gòkè, ó fẹ́ kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí mo ṣe ń bù ú sínú àwo ló ń hó nínú àwo. Mo ní ọbẹ̀ tó gbóná títí tó ń hó láìsí iná, oúnjẹ tó jinná dénú nìyẹn.

Tísà àti bàbá mi jókòó sídìí tábìlì, Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bàbá mi gbàdúrà, gbogbo wa ṣe àmín. Tísà ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan oúnjẹ, nítorí òun ni àlejò. Ó fi òkèlè ńlá ko ọbẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó dúró. Mo rí i tí omi lé sójú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé pọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó gbé e mì, ó yíjú sí mi, ó ní ọbẹ̀ náà yàtọ̀ gan-an. Bàbá mi, tó ń fẹ́ kí gbogbo nǹkan lọ bó ṣe yẹ, ti jẹ òkèlè mẹ́ta láìdánudúró, ó wá la ẹnu láti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé mi, ìfófòó kékeré kan bá yọ ní igun ẹnu rẹ̀, ó wú, ó sì bẹ́. Tísà wò ó. Bàbá mi náà wo Tísà. Ìyá Àgbà nìkan ni kò tètè gbé tirẹ̀ mì. Ó gbé e sórí ahọ́n, ó dijú bó ṣe máa ń dijú nídìí ajẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó lajú.

"Ọṣẹ mi nìyí," ló sọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ti ìjẹta. Èyí tó ta jù." Ó gbé òkèlè náà mì, bóyá nítorí àlejò, bóyá nítorí pé kò fẹ́ kí iṣẹ́ òun ṣòfò, mi ò mọ̀ títí dòní. Ó wá yíjú sí mi, ó béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí mo fi sínú ọbẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Iyọ̀ ni, mà. Èyí tí Tísà kọ́ wa." Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Tísà. Mo rò pé mo ń gbè é lẹ́yìn ni, mo sì ń ṣàlàyé lọ, bí áàsìdì ṣe ń pàdé álíkálì, bí wọ́n ṣe ń gba oró lára ara wọn, bó ṣe pàtẹ́wọ́ fún mi lójú gbogbo kíláàsì nígbà tó sọ pé ọṣẹ náà, iyọ̀ ni. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni Tísà ń kéré lórí àga. Bàbá mi fi ìdí ife bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ẹkún ló ń sun. Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo rí ọjọ́ Ajé, mo rí igi ìro ọṣẹ, mo rí Dúpẹ́ tó ń kọjá lọ sílé ẹ̀kọ́ láìsí èmi.

Ìyá Àgbà dìde, ó wọ ìdáná, ó gbé ìgò epo pupa jáde. Ẹni tó bá jẹ nǹkan burúkú nílé wa, epo la fi ń là á. Ó bu ṣíbí epo kan fún bàbá mi, ó bu fún ara rẹ̀, ó wá bu ti Tísà, ó gbé e dé ẹnu ọkùnrin náà bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ lóògùn. Tísà wo epo, ó fọwọ́ lé ikùn, ó ní, "Màmá, omi eérú ṣì kù díẹ̀ nínú ọṣẹ tí a jẹ. Bí epo yìí bá lọ bá a nínú mi, ṣé kì í ṣe ọṣẹ mìíràn la tún fẹ́ sè yẹn?"

Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró lókè. Ó ní ta ló sọ fún un pé epo àti omi eérú ló ń di ọṣẹ, àbí wọ́n ń se ọṣẹ nílé wọn ní Àkókó. Tísà ní rárá o, ìwé ló ti rí i. Ìyá Àgbà ní ṣé ìwé mọ ìdí tí ọṣẹ fi máa ń já nígbà mìíràn, tí epo á lọ lọ́tọ̀, tí omi á lọ lọ́tọ̀, tí iṣẹ́ ọjọ́ méjì á ṣègbé. Tísà ní ìwé mọ̀ ọ́n, pé omi eérú ni kò tíì ta tó. Ìyá Àgbà jókòó. Ogójì ọdún ló ti fi ahọ́n rẹ̀ wá ohun tí ọmọ yìí sọ jáde lẹ́nu láìtiẹ̀ ronú. Ó mu ṣíbí epo Tísà fúnra rẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ wérọ̀, òun àti Tísà, nípa eérú kòkó àti eérú ọ̀gẹ̀dẹ̀, nípa àdín tuntun àti àdín tó ti pẹ́, wọn ò rántí èmi tí mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Bàbá mi ti rọra dìde, ó ti ń yára lọ sẹ́yìn ilé. Kò pẹ́ tí Tísà náà fi tọrọ àyè. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ wa kò ráyè tì.

Ìgbà tí wọ́n padà jókòó, tí ara wọn ti balẹ̀ díẹ̀, tí ojú bàbá mi ti fún pọ̀, Ìyá Àgbà bi Tísà pé ṣé gbogbo ohun tó sọ fún mi nípa iyọ̀ nìyẹn, pé ọṣẹ, iyọ̀ ni. Tísà dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí wọ́n dárí ji òun. Ó ní oríṣiríṣi iyọ̀ ló wà, púpọ̀ nínú wọn kò ṣe é jẹ, àwọn mìíràn tiẹ̀ lè pani, pé òun rò pé òun á sọ èyí tó kù lọ́jọ́ mìíràn. Ó ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́.

Ìyá Àgbà yíjú sí mi. Ó na ọwọ́, ó fa ọwọ́ mi bó ṣe máa ń ṣe, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ pa àtẹ́lẹwọ́ mi, àmọ́ kò gbé e sókè fún ẹnikẹ́ni wò lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ó dùn ún. Mo mọ̀ pé ó ń ronú nípa ta ni yóò máa bá òun wo àwọ̀ ọṣẹ. Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sọ fún Tísà pé kó dìde nílẹ̀.

"Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi," ló sọ. "Èyí tí ẹ sọ fún ọma mi dé inú rẹ̀, ó di ọbẹ̀. Ẹ mú un padà lọ́jọ́ Ajé, kó lọ gba ààbọ̀ tó kù. Bó bá gbà á tán, kó tètè gbé e bọ̀ wá ulé wá sọ fún mi, nítorí mo ti jẹ ààbọ̀ àkọ́kọ́."